"Wọ́n ti fọwọ́ síwèé": kí ló kù kí ilé iṣẹ́ iná núkílíà tó dìde nílẹ̀ onílẹ̀?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ìròyìn gbòde pé Nàìjíríà àti Rosatom, ilé iṣẹ́ núkílíà ìjọba Rọ́ṣíà, ti fọwọ́ síwèé lórí kíkọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà. Ibi méjì ni wọ́n ti ń dárúkọ ṣáájú ìgbà náà: Geregu ní ìpínlẹ̀ Kogí àti Itu ní Akwa Ibom. Títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó tíì po sìmẹ́ǹtì níbì kankan nínú méjèèjì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2009, orílẹ̀-èdè UAE, níbi tí Dubai àti Abu Dhabi wà, fọwọ́ síwèé pẹ̀lú àwọn ará Kòríà Gúúsù. Lónìí, ríákítọ̀ (ẹ̀rọ tí epo núkílíà ń jó nínú rẹ̀) mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ ní Barakah létí òkun wọn, iná tó ń wá látibẹ̀ sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń lò.

"Fọwọ́ síwèé" kan náà ni ìwé ìròyìn kọ fún méjèèjì, ohun tó sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nìyẹn. Ìwé náà kì í ṣe ọ̀kan. Bí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ṣe yàtọ̀ sí ìgbéyàwó ni wọ́n ṣe yàtọ̀ síra.

Èyí tó fúyẹ́ jù nínú wọn ni ìwé ìfohùnṣọ̀kan lásán tí wọ́n ń pè ní MoU. Kò de ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá yẹsẹ̀, kò sí ilé ẹjọ́ tí wọ́n lè pè é lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àdéhùn ìjọba sí ìjọba. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń le, torí kò sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ kí ríákítọ̀ tàbí epo rẹ̀ kọjá ẹnubodè láì kọ́kọ́ gbẹ̀jẹ́ lẹ́nu olùrà pé kò ní fi ṣe bọ́ǹbù. Amẹ́ríkà ń pe tirẹ̀ ní àdéhùn 123, nítorí abala 123 nínú òfin átọ́míìkì wọn ti ọdún 1954 ló pa á láṣẹ. UAE bá Amẹ́ríkà ṣe é ní 2009, ó sì ṣèlérí nínú rẹ̀ pé òun kò ní dá ẹ̀rọ tó ń mú kí yureníọ̀mù, epo ríákítọ̀, le sí i sílẹ̀, òun kò sì ní tú epo tó ti jó tán láti yọ plutonium inú rẹ̀, èyí tó ṣeé fi ṣe bọ́ǹbù.

Ẹ lè béèrè pé kí ló kan Amẹ́ríkà nínú ọjà tí Kòríà ń tà. Ìdí ni pé APR1400, ríákítọ̀ tí Kòríà kó lọ sí Barakah, ọmọ àwòrán kan tí wọ́n yà ní Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní System 80+. Ẹni tó ni bàbá ló ń fọwọ́ sí ìwé ìrìnnà ọmọ. Ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ yìí kò sì tán síbẹ̀: ní 2022, Westinghouse, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó jogún àwòrán náà, pe KHNP, ilé iṣẹ́ tó ń darí ríákítọ̀ Kòríà, lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ẹni tó láṣẹ láti máa tà á fáwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n tó parí rẹ̀.

Ìwé kẹta ni ti ìmúrasílẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n á fi wo ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí: ṣé ilẹ̀ máa ń mì níbẹ̀, ṣé omi tó láti máa tu ẹ̀rọ nínú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn wo ló ń gbé àyíká, wáyà wo ló lè ru iná náà, ta ni yóò sì wá owó. Ìwé tí Nàìjíríà bá Rosatom fọwọ́ sí ní 2017 kò kọjá ìpele yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé iṣẹ́ gan-an, tó sọ iye owó, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí àti ìtanràn bó bá pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ẹ̀yáwó. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣọ́ ààbò núkílíà nílẹ̀ olùrà. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni wọ́n tó ń da kankéré àkọ́kọ́ sábẹ́ ríákítọ̀, ọjọ́ yẹn sì ni gbogbo ayé ń kà sí ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní Barakah, oṣù keje ọdún 2012 ni. Ríákítọ̀ kìíní kò sì gbé iná sórí wáyà títí di oṣù kẹjọ ọdún 2020. IAEA, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó agbára átọ́míìkì, máa ń sọ fún orílẹ̀-èdè tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé láti orí èrò títí dórí iná, ọdún 10 sí 15 ni. Ohun 19 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un pé kó pèsè, láti orí òfin dórí ibi tí wọ́n máa kó epo tó ti jó tán sí.

Ohun kan wà tí UAE ṣe tí àwọn èèyàn kì í sábà kíyè sí. Ní 2009 kan náà, wọ́n dá àjọ méjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: FANR tó ń ṣọ́ òfin, àti ENEC tó ni ilé iṣẹ́. Aṣọ́bodè kì í ṣe ẹni tó ń kó ẹrù wọlé. Tí ẹ bá rí ibi tí ọ́fíìsì kan náà ti ń polongo núkílíà tó sì tún ń fún un ní ìwé àṣẹ, àwọn tó ń tà á pàápàá máa ń bẹ̀rù ibẹ̀, torí bí nǹkan bá bàjẹ́ lágbàáyé níbì kan, ọjà gbogbo wọn ló máa kú.

Kí ló gbé ìjọba dé ọjà?

Àwọn tó gba iṣẹ́ Barakah kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. KEPCO, ilé iṣẹ́ iná Kòríà tí ìpín ìjọba pọ̀ jù nínú rẹ̀, ló ṣíwájú. KHNP, ọmọ rẹ̀, ló mọ bí wọ́n ṣe ń darí ríákítọ̀, torí òun ló ń ṣe ti ilé. KEPCO E&C ya àwòrán. Doosan rọ ìkòkò irin ńlá tí epo núkílíà ń jó nínú rẹ̀. Hyundai àti Samsung kọ́lé, Westinghouse sì kó àwọn ẹ̀yà kan wá. Lójú olùrà, orúkọ kan ni gbogbo wọn ń jẹ́. Bí fáàfù kan bá ń jò lóru, ẹnì kan ni yóò pè.

Àwọn tí wọ́n jọ du iṣẹ́ náà ni ẹgbẹ́ àwọn ará Faransé, tí Areva wà lára wọn, àti GE pẹ̀lú Hitachi. Iye tí Kòríà pè, bílíọ̀nù 20 dọ́là fún ríákítọ̀ mẹ́rin oní-mẹgawáàtì 1,400, ló kéré jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye nìkan ló gbà á fún wọn. Ààrẹ wọn nígbà náà, Lee Myung-bak, fò lọ sí Abu Dhabi fúnra rẹ̀. Ní 2011, Kòríà kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun àkànṣe kan tó ń jẹ́ Akh lọ síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ogun UAE níṣẹ́. Ní 2018, ẹni tó jẹ́ mínísítà ààbò Kòríà nígbà tí wọ́n ń ṣe ọjà náà wá jẹ́wọ́ pé àdéhùn ológun kan wà lábẹ́lẹ̀ tí wọn kò fi han ilé aṣòfin. Ilé iṣẹ́ aládàáni wo ló lè fi ọmọ ogun ṣe èènì?

Japan kẹ́kọ̀ọ́ kíákíá nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, wọ́n kó ilé iṣẹ́ iná mẹ́sàn-án, àwọn tó ń ṣe ríákítọ̀ mẹ́ta (Toshiba, Hitachi àti Mitsubishi) àti àpò ìdókòwò kan tí ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀ jọ sínú ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n sọ ní JINED. Kí ni ilé iṣẹ́ iná ń wá láàárín àwọn aṣẹ̀rọ? Ẹni tó ń rọ ọkọ̀ kọ́ ló mọ ọ̀nà. Orílẹ̀-èdè tí kò ní ríákítọ̀ rí kò wá ẹ̀rọ nìkan, ó ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ epo inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ òfin. Oṣù yẹn gan-an ni Vietnam gbà fún Japan pé kó kọ́ ilé iṣẹ́ núkílíà kejì ní Ninh Thuan. Rọ́ṣíà ló gba ti àkọ́kọ́. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìjàmbá núkílíà Fukushima ṣẹlẹ̀ ní Japan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ilé aṣòfin Vietnam fagi lé méjèèjì. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé owó ti pọ̀ jù, iná tí wọ́n rò pé ìlú máa nílò kò sì pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò ó. Ní 2024 ni wọ́n tún ní kí wọ́n jí iṣẹ́ náà dìde. Àdéhùn ìjọba sí ìjọba wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìwé iṣẹ́ gan-an ni kò dé.

Èlé tó ń jẹun lóru

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìn rere, kẹ̀kẹ́ ti núkílíà sì wúwo ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń fi gáàsì ṣe iná kò wọ́n púpọ̀ láti kọ́. Gáàsì tí wọ́n ń rà lójoojúmọ́ ló ń gbówó. Òdìkejì rẹ̀ ni núkílíà. Yureníọ̀mù kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti máa ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà kí gílóòbù kan tó tàn. Gbogbo àkókò yẹn, èlé ń gorí èlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ń yá bílíọ̀nù kan dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọdún 7, èlé sì jẹ́ 7% lọ́dún. Bílíọ̀nù 7 lẹ ná sórí iṣẹ́, ṣùgbọ́n lópin ọdún keje gbèsè yín ti di bílíọ̀nù 9.26. Bí iṣẹ́ bá wá pẹ́ ọdún 3 sí i, láì ra irin kan kún un, láì san owó òṣìṣẹ́ kankan, gbèsè yẹn yóò di bílíọ̀nù 11.34. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú èlé 3%. Lópin ọdún keje, bílíọ̀nù 7.89 ni, lẹ́yìn ìdádúró, 8.62. Kankéré kan náà, ríákítọ̀ kan náà, ìdádúró kan náà, ìyàtọ̀ sì lé ní bílíọ̀nù 2.7. Báǹkì kankan kò lè yáni lówó ní 3% fún ogún ọdún lórí ohun tó lè pẹ́ kó tó parí. Ìjọba ló lè ṣe é. Ìdí tí wọ́n fi wà nínú ọjà nìyẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ òṣèlú lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìròyìn ilé iṣẹ́ núkílíà tí orílẹ̀-èdè kan fẹ́ kọ́ fún òmíràn, ẹ fi irú ẹ̀rọ sílẹ̀ ná. Ẹ wá ẹni tó máa san èlé bí iṣẹ́ bá pẹ́.

Ní Barakah, olùrà fúnra rẹ̀ lówó. Nígbà tí wọ́n tẹ àpapọ̀ owó náà jáde ní 2016, bílíọ̀nù 24.4 dọ́là ni. Ìjọba Abu Dhabi yá iṣẹ́ náà ní 16.2 nínú rẹ̀, báǹkì ìjọba Kòríà tó ń ràn àwọn tó ń tajà sókè òkun lọ́wọ́ sì yá a ní 2.5. KEPCO gba ìpín 18% nínú ilé iṣẹ́ náà, ENEC di 82% mú. Ìdí tí wọ́n fi ní kí ẹni tó kọ́lé ra ìpín nínú rẹ̀ kò jinlẹ̀: kó má baà kọ́ ọ tán kó sì sá. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí iye rẹ̀ ti wà nílẹ̀, tí kọ́ńtírátọ̀ á sì kọ́ ọ tán kó tó fi kọ́kọ́rọ́ léni lọ́wọ́. Irú àdéhùn yìí dùn mọ́ olùrà. Ẹni tó ń kọ́ ọ ló ń jìyà rẹ̀ bí iṣẹ́ bá pẹ́. Ní 2025, KHNP gbé KEPCO, ìyá tó bí i, lọ sí ilé ẹjọ́ ìlàjà ní Lọ́ńdọ̀nù lórí nǹkan bí bílíọ̀nù kan dọ́là tó ní òun ná kọjá iye tí wọ́n dá. Owó Kòríà ni àwọn méjèèjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Tọ́kì kò lówó bẹ́ẹ̀. Láti 1976 ni wọ́n ti fún Akkuyu, létí òkun Mẹditaréníà, ní ìwé àṣẹ pé ilé iṣẹ́ núkílíà lè wà níbẹ̀, gbogbo ìpè tí wọ́n sì ń pe àwọn kọ́ńtírátọ̀ láti ìgbà náà ló ń forí ṣánpọ́n. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú Rọ́ṣíà. Ẹ mọ àṣà tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn, kí mọ̀lẹ́bí nílẹ̀ kó má lówó, kí ẹnì kan wá kọ́ ilé ìtajà sórí ilẹ̀ náà, kó gba owó ilé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó tó dá a padà. Akkuyu jọ ọ́, àmọ́ wọn kò sọ pé ẹnikẹ́ni máa dá a padà. Rọ́ṣíà ló wá owó, òun ló ń kọ́ ọ, òun ló ni ín, òun ni yóò máa darí rẹ̀. Ìpín rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 51% láé. Ríákítọ̀ mẹ́rin ni, mẹgawáàtì 1,200 ọ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí bílíọ̀nù 20 dọ́là. Ohun tí Tọ́kì fi sílẹ̀ ni ilẹ̀ àti ìlérí pé òun máa ra iná: 70% iná ríákítọ̀ méjì àkọ́kọ́ àti 30% ti méjì tó kù, fún ọdún 15, ní sẹ́ǹtì 12.35 owó Amẹ́ríkà fún yúnítì kan ní ìpíndọ́gba. Lẹ́yìn ọdún 15 náà, Tọ́kì á máa gba ìdá 20 nínú 100 èrè. Bí iṣẹ́ bá pẹ́, Rọ́ṣíà ló ń sanwó ìdádúró, èyí tó dára. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló di kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ iná tó wà nílẹ̀ yín mú fún ọgọ́ta ọdún.

Íjíbítì àti Bangladesh yan ọ̀nà ẹ̀yáwó. Fún ilé iṣẹ́ El Dabaa, Rọ́ṣíà yá Íjíbítì ní bílíọ̀nù 25 dọ́là, ìyẹn 85% iye iṣẹ́, ní èlé 3%, ọdún 22 ni wọ́n máa fi san án padà. Ilé iṣẹ́ di ti Íjíbítì, gbèsè náà sì di tirẹ̀, yálà iná tàn tàbí kò tàn.

Wylfa ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ dídára ló ń mú iṣẹ́ ṣeé ṣe. Ní erékùṣù Anglesey ní Wales ló wà. Ní 2012, Hitachi ra ilé iṣẹ́ Horizon tó ni ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì méjì, E.ON àti RWE, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 700 pọ́n-ùn. Ríákítọ̀ méjì irú èyí tó ti ṣiṣẹ́ ní Japan ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ọdún 2017 ni àwọn aṣọ́fin núkílíà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àwòrán rẹ̀. Ẹ̀rọ dára, ilẹ̀ wà, àwọn ará ìlú tó ń wáṣẹ́ pọ̀.

Ọ̀nà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà ṣe ìrànlọ́wọ́ nígbà náà ni pé wọ́n á dá iye kan fún iná. Bí ọjà bá rẹlẹ̀ sí iye náà, àwọn tó ń lo iná á fi kún un. Bí ọjà bá ga jù ú lọ, ilé iṣẹ́ á dá àṣẹ́kù padà. Fún Hinkley Point C, tí EDF ti Faransé ń kọ́, pọ́n-ùn 92.50 fún wákàtí mẹgawáàtì kan ni, ní owó ọdún 2012, fún ọdún 35. Ẹ wò ó dáadáa: owó yìí kò bẹ̀rẹ̀ títí iná fi máa tàn. Kò ran ẹni tó ń san èlé láàárín ìkọ́lé lọ́wọ́ rárá. EDF, tí ìjọba Faransé wà lẹ́yìn rẹ̀, lè gbé e. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó wà lórí pákó ìdókòwò ní Tokyo kò lè gbé e.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kọjá ibi tó mọ. Ó ní òun ṣe tán láti gbé e yẹ̀ wò kí òun ra ìdá kan nínú mẹ́ta, kí òun pèsè gbogbo ẹ̀yáwó, kí iye iná má sì ju pọ́n-ùn 75 lọ. Hitachi ń wá àwọn ará Japan mìíràn tí wọ́n máa jọ pín ìpín tó kù, kí tirẹ̀ lè dín sí ìdajì, kí gbèsè Horizon má baà wọ inú ìwé ìṣirò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2019, ó dá iṣẹ́ dúró, ó sì ka bílíọ̀nù 300 yẹ́ẹ̀nì sí àdánù. Ní 2020 ó kúrò pátápátá. Ní 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra ilẹ̀ Wylfa àti ti Oldbury, ilẹ̀ mìíràn tí Horizon ní, padà lọ́wọ́ rẹ̀ ní mílíọ̀nù 160 pọ́n-ùn. Láàárín kan, ní 2022, wọ́n ti ṣe òfin tuntun tó jẹ́ kí àwọn tó ń lo iná máa san díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìkọ́lé ń lọ lọ́wọ́. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ ilé iṣẹ́ núkílíà Sizewell C. Ó pẹ́ jù fún Hitachi.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń dẹnu kọlẹ̀

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ríákítọ̀ ló ń fa ìdádúró. Ohun tí kò jọ nǹkan ló sábà máa ń fà á. Barakah ní ẹ̀gbọ́n kan ní Kòríà, Shin Kori kẹta, irú rẹ̀ gan-an, tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí àwọn tó máa darí Barakah lè lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ní 2013, wọ́n rí i pé ayédèrú ni ìwé àyẹ̀wò àwọn wáyà ìdarí tí wọ́n ti fà sínú rẹ̀. Wọ́n ní láti tú u, kí wọ́n sì fa òmíràn. Òpin 2016 ni ẹ̀gbọ́n yìí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi. Ní Barakah fúnra rẹ̀, wọ́n ti kọ́ ríákítọ̀ kìíní tán ní 2018, ṣùgbọ́n FANR kò fún wọn láṣẹ láti kó epo sínú rẹ̀ títí di oṣù kejì ọdún 2020, torí àwọn tó máa darí rẹ̀ kò tíì múra tó. Mọ́tò ti wà nílẹ̀, awakọ̀ ni kò tíì gba láísẹ́ǹsì. Ẹ rántí ìṣirò èlé tó wà lókè yẹn.

Ní Akkuyu, epo núkílíà dé ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ọdún tí orílẹ̀-èdè Tọ́kì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, tí wọ́n sì ti fọkàn sí i pé iná máa tàn. Ọdún náà parí láì sí iná. Ọ̀kan nínú ohun tó dí wọn lọ́wọ́ ni àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé iná láti inú ilé iṣẹ́ sórí wáyà. Siemens Energy ló yẹ kó kó wọn wá. Ìjọba Jámánì kò fún un ní ìwé àṣẹ láti fi wọ́n ránṣẹ́, torí ogun Ukraine. Rosatom wá rà wọ́n ní Ṣáínà. Ríákítọ̀ gbogbo ti wà nílẹ̀, ìjọba kẹta tí kò sí nínú àdéhùn ló di ọ̀nà mọ́ ọn.

Ti òfin náà tún wà. Lágbàáyé, àṣà ni pé bí ìjàmbá núkílíà bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń darí ilé iṣẹ́ nìkan ló ń san owó gbà-má-bínú. Wọn kì í pe ẹni tó ṣe ẹ̀rọ. Ó lè dà bí ìrẹ́jẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè pe ẹni tó ta páńpù kan lẹ́jọ́ lórí gbogbo ìlú tó bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa ta páńpù, kò sì sí ilé adójútòfò tó máa dúró fún un. Íńdíà, tí kò gbàgbé gáàsì olóró tó pa àwọn èèyàn rẹ̀ ní Bhopal ní 1984, ṣe òfin ní 2010 tó jẹ́ kí ẹni tó ń darí ilé iṣẹ́ lè padà béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó ta ẹ̀rọ tó lábùkù fún un. Lẹ́yìn òfin náà, àwọn ará Faransé tó fẹ́ kọ́lé sí Jaitapur àti Westinghouse fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó sídìí tábìlì ìjíròrò. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní Kudankulam ń kọ́ tiwọn lọ, torí àdéhùn tiwọn ti wà nílẹ̀ kí òfin náà tó dé.

Ti ilé wa ńkọ́?

Ohun tó ṣòro jù fún Nàìjíríà kì í ṣe ríákítọ̀. Gíríìdì ni. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà ni pé kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo iná orí wáyà lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ̀rọ náà sì kú lójijì, á fa gbogbo yòókù ṣubú. Iná tó tíì pọ̀ jù lórí wáyà Nàìjíríà rí, nǹkan bí mẹgawáàtì 5,800 ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 580. Ríákítọ̀ kan irú ti Akkuyu jẹ́ 1,200. Ríákítọ̀ tí wọ́n bá sì ti pa ṣì máa ń gbóná fún ọjọ́ púpọ̀, páńpù tó ń tù ú sì nílò iná láti ìta. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún pàjáwìrì ni. Ní 2024, ẹ̀ẹ̀melòó ni gíríìdì wa ṣubú? Àwọn tó ń ka ìròyìn ò lè kà á tán lórí ìka ọwọ́ kan.

Lẹ́yìn gíríìdì ni dọ́là. Ká ní a ṣe irú ti Akkuyu, sẹ́ǹtì 12.35 fún yúnítì kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí ìjọba ń pààrọ̀ dọ́là ní nǹkan bí náírà 460, yúnítì yẹn jẹ́ náírà 57. Nígbà tí dọ́là kan di náírà 1,500, ó di 185. Àdéhùn ọdún 15 kò ní yí padà nítorí náírà, ẹni tó ń ra káàdì iná ló máa gbọ́ ọ, tàbí kí ìjọba máa fi owó orí bo àárín rẹ̀.

Nàìjíríà ní ríákítọ̀ kan lónìí. Zaria ló wà láti 2004, Ṣáínà ló ṣe é, kìlówáàtì 30 ó lé díẹ̀ ni agbára rẹ̀, fún ìwádìí ni, kò sì pèsè iná. Yureníọ̀mù líle ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi kìlógíráàmù kan péré. Nígbà tí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí kò lè ṣe bọ́ǹbù ní 2018, Ṣáínà, Amẹ́ríkà, IAEA àtàwọn mìíràn ló ní láti jókòó sídìí tábìlì kan náà kí ẹrù tó kéré sí àpò gààrí yẹn tó wọ bàálù padà sí ibi tó ti wá.